Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọ̀pá Ìtìlẹ̀ Àwọn Àgbàlagbà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀,
Nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka Ìlera.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Àwa ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló kọ̀wé yìí. Àwọn tó ń wá ọ̀pá ìtìlẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ń pọ̀ sí i: ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra ọ̀pá pín fún àwọn àgbà. Inú wa dùn gan-an. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ra ọ̀pá tó ga bákan náà fún gbogbo wọn.

Ara ẹni ni a fi ń wọn ọ̀pá. Kí àgbà wọ bàtà tó máa ń wọ̀ jáde, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó sọ apá sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́po ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé, pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀. Bí ó bá gùn jù, èjìká á ká sókè. Bí ó bá kúrú, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹni náà á máa dà síwájú. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó lágbára, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tó ń dùn, ni a fi ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ní ihò tí a fi ń yí gíga rẹ̀ padà dára, àmọ́ bí bọ́tìnì rẹ̀ kò bá yọ tán nínú ihò, ọ̀pá á wọlé lójijì bí àgbà bá ti fara tì í. Tiwa, igi apá tàbí igi tíìkì gbígbẹ ni. Igi tútù á lọ́, á sì là. Iṣan igi gbọ́dọ̀ bá gígùn ọ̀pá lọ dé ìdí. Ibi tó bá ti dábùú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́.

Rọ́bà ìdí ló ń tètè jẹ jù. Nígbà tí ilà abẹ́ rẹ̀ bá parẹ́, á máa yọ̀ lórí táìsì tó lómi. Àwọn kan ń gé sílípáàsì, wọ́n ń fi ìṣó kàn án mọ́ ìdí ọ̀pá: rọ́bà á jẹ tán, orí ìṣó á wá kan ilẹ̀, á sì yọ̀ wọ̀ọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé, kí a máa wọn àwọn àgbà níwájú nọ́ọ̀sì. Kí rọ́bà tó bá ìdí ọ̀pá mu, ti mìlímítà 19 àti 22, wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, méjì méjì fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì yọ̀ǹda òrùlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ sí igi wa títí á fi gbẹ. Oòrùn gangan ló ń là á lórí.

Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé. Ọdún náà ti pé. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín kò ní ohun ìdìmú. Ẹ pèsè igi àti ṣúkúrú, a ó ṣe é sí ọwọ́ méjèèjì láìgba owó iṣẹ́.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Alága àti Akọ̀wé ẹgbẹ́