Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi fẹ́ kí ẹ ra aṣọ díẹ̀, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ pẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti béèrè, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìbínú, ìdí tí ilé ìránṣọ wa kò fi gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí mọ́, ìdí tí a fi ń bẹ̀ yín kí ẹ dá ẹyọ kan nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá mẹ́rin, àti ìdí tí owó bùbá kan lọ́dọ̀ wa fi ju ti ọjà lọ. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ohun tí a ń wá kò ju ọ̀kan lọ: kí obìnrin tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ wa wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó mọ́ ọn lára. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà tí mo ti ń ránṣọ ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ gan-an wà nínú òwe yẹn, nítorí aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a sì kó sápótí kò lè di àkísà ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní ẹtù kan, irú òfì aláwọ̀ aró, tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn fún ìgbéyàwó wọn. Bí ẹ ṣe mọ̀, pẹ́ẹ́rẹ́pẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì máa ń jáde láti ọwọ́ ahunṣọ, a ó wá rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó tó fẹ̀ tó ìró. Ní gbogbo ọdún tí ìyá mi fi wọ ẹtù yìí, òwú tí wọ́n fi rán an pọ̀ nìkan ló ń já. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ kò ya. A tún un rán lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà sì ró o ní ọjọ́ ìgbéyàwó tèmi.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló dun ọ̀pọ̀ yín jù. N kò bá aṣọ ẹbí jà. Ó dára kí a mọ ará ilé ọlọ́jọ́ láàárín èrò, owó aṣọ ẹbí ni mo sì fi ra máṣíìnì wífíìnì wa àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń rán etí aṣọ kí ó má baà tú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, a gba iṣẹ́ ìnáwó mẹ́ta pọ̀, aṣọ tó lé ní ọgọ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń sùn sórí máṣíìnì. A kò ráyè ká aṣọ díẹ̀ sínú ìrán, èyí tí a lè tú bó bá yá, a kò sì ráyè rán abíyá ní ìlà méjì. Lóde ọ̀kan nínú àwọn ìnáwó náà, oníbàárà wa kan gbé ọwọ́ sókè láti lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí, abíyá bùbá rẹ̀ sì ya. Ó fi ìborùn bo ara títí tí òde fi tú. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé aṣọ náà wá kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí n má ṣe ìyọnu, òun kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Aṣọ tí èèyàn mẹ́ta fi òru rán, ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ retí pé kí ó rí òde kejì.

Àṣìṣe mi kejì tún tóbi ju ìyẹn lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò kan tí mo fọkàn tán ta àdìrẹ fún mi lówó tó dínkù gan-an, mo sì ti rán kaba méjìlá nínú rẹ̀ kí n tó fura. Mo fa òwú kan yọ, mo fi iná sí i. Òwú tòótọ́ a máa jó di eérú bíi bébà. Èyí yọ́, ó sì dì lórí bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le. Pọ́líésítà ni, aṣọ tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, tí ẹ̀rọ sì tẹ àwòrán àdìrẹ sí lójú. Mo dá owó gbogbo àwọn tó ti rà á padà. Láti ìgbà náà, n kì í ra àdìrẹ láìyí i padà wo ẹ̀yìn, ẹ̀yin náà sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti ń rajà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń mọ́ lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì ṣá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ojú kan ni obìnrin tó ń kọ ọ́ fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò ní ẹ̀kọ, ló máa ń mu aró jù. Ti oníko, tí a fi ìko so, máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu lójú àti lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi òtítọ́ kan kún un. Kì í ṣe gbogbo aṣọ wa ni a fi èlú rẹ. Aró èlú ń gba sùúrù: a ó gún ewé rẹ̀, a ó sá a gbẹ, a ó pò ó pẹ̀lú omi eérú, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan kí a tó ri aṣọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá dúró ti aláró, ẹ óò rí i pé àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú yín, a ó sì tún un rì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó tó dúdú bí a ṣe fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, aró inú agolo ni àwọn aláró wa ní Abẹ́òkúta fi ń rẹ ẹ́, pẹ̀lú kọ́sítíìkì, kẹ́míkà líle tó ń jó awọ ara, omi rẹ̀ kò sì yẹ kí ó ṣàn lọ sódò. A kò tíì yanjú èyí. Ohun tí a ti ṣe ni pé a ń kọ irú aró tí a lò sára ìwé pélébé tí a rán mọ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bùbá tí ẹ ra ní ₦45,000, tí ẹ sì ń wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún ọdún márùn-ún, ₦375 ni ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Léèsì ₦60,000 tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ₦30,000 ni ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú sì ní ẹni tó ń san ìyókù owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza wó nítòsí Dhaka ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ fún àwọn ilé ìtajà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn tó lé ní 1,100 ló kú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń padà wá bá wa gẹ́gẹ́ bí òkìrìkà, ní ọjà Katangua l'Ékòó àti ní ọjà Kantamanto ní Accra. N kò dá ẹni tó ń ra òkìrìkà lẹ́bi o. Ẹni tó ra àlòkù, tó tún un ṣe, tó sì wọ̀ ọ́ pẹ́, ti ṣe ohun tí mo ń sọ gan-an.

Ní oṣù tó kọjá, màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mú bùbá àdìrẹ tí a rán fún wọn ní ọdún 2017 wá. Wọ́n ti sanra díẹ̀, ó sì ti ń fún wọn lápá. A tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì bá ínǹṣì kan àbọ̀ tí a ti ká sínú nígbà náà. Aró ibẹ̀ ṣì dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́, nígbà tí ìta ti ṣá bí ojú ọ̀run àárọ̀. Mo ní kí a rẹ gbogbo rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Màmá fi ọwọ́ ra ìlà dúdú náà, wọ́n ní rárá, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn èèyàn rí i pé òun ti wọ̀ ọ́. A rán an, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, láti oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, ìgbà mẹ́ta péré lọ́dún ni a ó máa gba iṣẹ́ tuntun, ogójì aṣọ nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sì ní sí iṣẹ́ kánjúkánjú. Kí a tó gba ìwọ̀n yín, a ó béèrè ohun tó wà nílé. Bí a bá rí i pé títú tàbí rírẹ ìró àtijọ́ ni ẹ nílò, òun ni a ó gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe. Aṣọ yòówù tí a bá rán, àtúnṣe rẹ̀ di ọ̀fẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ilé ìránṣọ yìí bá ṣì wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lọ, méjì nínú wọn sì ti di aláàtúnṣe, owó oṣù wọn kò dínkù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi omi tútù fọ àdìrẹ, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì sá a sí ibòji, nítorí oòrùn a máa gba aró lára aṣọ. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń gba ìwọ̀n. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú èyí tó ti ya lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ẹni tó ni ilé ìránṣọ