Ẹ yé na ọmọ nítorí ipò kíláàsì

Sí Olóòtú,

Táàmù parí, igbe tún gba àdúgbò wa ní Òkè-Fìà. "Ipò kejìdínlógún! Ta lo fi jọ?" Ọmọ JSS1 ni wọ́n ń nà, káàdì ìdánwò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun. Kò sí yunifásítì tó máa béèrè máàkì JSS1. UNIOSUN tó wà nílé wa níbí náà kò ní béèrè. Kírẹ́díìtì márùn-ún àti JAMB ni wọ́n ń wò.

N kò ní kí ọmọ máa fi ìwé ṣeré o. Èsì JSS3 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà, máàkì inú kíláàsì láti SS1 sì ń dé ọ̀dọ̀ WAEC. Ohun tó ń dùn mí ni pé ipò nìkan là ń wò lára káàdì. Ọmọ tí ìṣirò onídàá kò yé ní JSS1, tí ẹnikẹ́ni kò ràn lọ́wọ́, físíìsì SS2 á dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ bi í léèrè ibi tí kò ti yé e, kí ẹ sì lọ bá tíṣà rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé padà.

Òbí kan,
Òṣogbo.