Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, àbúrò mi tó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sórí òkè

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ gbogbo vóìs nóòtì tó o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ohùn bàbá Tọ́míwá lẹ́yìn níbi tó ti ń sọ pé a ò sá fún ìyà ní Nàìjíríà ká tún wá máa gbẹ́rù pọ̀n sùn inú igbó l'Amẹ́ríkà. Mi ò bínú sí i o, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Maryland níbí ń sọ náà nìyẹn, pé nǹkan òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bi mí bóyá kó o kó àwọn ọmọ lọ rìn kẹ́ ẹ sì sùn lórí òkè, ìwọ ni mo ń dá lóhùn, mo sì kọ ọ́ síta báyìí torí mo mọ̀ pé àwọn ìyá míì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn tí wọn ò rẹ́ni bi.

Kó wọn lọ. Shenandoah, pákì ìjọba tó wà lórí òkè ní Virginia, ò jìnnà sí wa, láti Washington débẹ̀ ò ju nǹkan bíi máìlì 75 lọ, a sì ń wa mọ́tò jù bẹ́ẹ̀ lọ sóde ìnáwó. Appalachian Trail lọ̀nà ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa tọ̀, láti Georgia ló ti bẹ̀rẹ̀ tó fi lọ dé Maine, bíi máìlì 101 nínú ẹ̀ ló wà nínú pákì yẹn. Díẹ̀ lẹ máa rìn níbẹ̀, láti Skyland dé Lewis Mountain, kò ju bíi máìlì 16 sí 17 lọ. Kẹ́ ẹ sùn sí Rock Spring Hut lálẹ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sùn sí ibùdó àgọ́ Big Meadows lálẹ́ kejì, tó bá sì ti rẹ̀ wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, Bearfence Mountain Hut wà lọ́nà kẹ́ ẹ tó dé Lewis Mountain. Gba ìwé àṣẹ sísùn nínú igbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o, kó o sì gbé tẹ́ǹtì dání torí ahéré onígi lásán ni àwọn hut yẹn, iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Èyí tí màá bẹ̀ ẹ́ fún jù ni pé kó o má fi ẹsẹ̀ tìẹ wọn ọjọ́, ẹsẹ̀ Ìbùkún ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà á rìn díẹ̀, á dúró wo kòkòrò, á ṣa òkúta, á ní ebi ń pa òun, kó o tó rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ó ti sáré lọ níwájú. Máìlì mẹ́rin ti tó o, ẹ tètè gbéra láàárọ̀ kẹ́ ẹ lè débi tẹ́ ẹ máa sùn nígbà tóòrùn ṣì wà lókè, kí wọ́n ráyè ṣeré. Wàá rí ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sára igi, ínǹṣì 2 ní fífẹ̀ àti 6 ní gígùn, òun ló ń júwe ọ̀nà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èyí tó kàn kó pariwo. Àwọn tèmi ń fi ìyẹn rìn láìmọ̀ pé àwọn ń gòkè. Èyí tó bá jẹ́ búlúù, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, omi tàbí ibi ìwòran ló sábà máa ń lọ.

Ẹrù ọmọ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ẹ̀. Má wọ kọ́tìnì fún wọn, tí òógùn bá ti rin ín, òtútù alẹ́ orí òkè ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn, kódà nínú oṣù Keje. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá sinmi, bọ́ bàtà wọn, fọwọ́ pa gìgísẹ̀ àti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò, ibi tó bá ti pọ́n tó sì ń gbóná, tẹ́ìpù ni kó o lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀ kó tó léròrò, torí tó bá ti lé, ìrìn ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Lálẹ́ kó o wá eégbọn lára wọn, ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ itan, eégbọn ibẹ̀ ń gbé àìsàn Lyme kiri, má fi jáfara rárá.

Oúnjẹ ò le. Wọn ò gbà kéèyàn dáná igi nínú igbó àfi níbi ààrò tí wọ́n ti ṣe sí àwọn hut, sítóòfù gáàsì kékeré ni kó o gbé. Ọ̀sán ni gaàrí Ìjẹ̀bú wúlò jù, ẹ ti sẹ́ omi tẹ́ ẹ rí tán, ẹ dà á lé e, kúlíkúlí àti kílíṣí, ó parí. Tó bá ku díẹ̀ kílẹ̀ ṣú, gbogbo ohun tó ń rùn, títí kan ọṣẹ ìfọyín, ẹ kó o sínú àpò kan torí béárì. Béárì dúdú ibẹ̀ ò wá jà, oúnjẹ ló ń wá. Òpó irin gíga kan wà níwájú hut tó níkọ̀ọ́ lórí, ọ̀pá irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi gbé àpò yẹn kọ́ ọ. Ọ̀pá yẹn wúwo. Nígbà tá a lọ, Dámilọ́lá ọmọ mi ló ní òun ló máa ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n, àpò yẹn ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, gbogbo wa gbójú sókè à ń wò ó, ìgbà tó kọ́ tán ló tó mí. Àtìgbà yẹn kò gbà fún bàbá ẹ̀ mọ́, òun ló ń gbé oúnjẹ wa kọ́. Níbi tí kò bá sí òpó, okùn ni, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀, kó jìnnà sí ara igi ní ẹsẹ̀ bàtà 4.

Àdùkẹ́, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kó o gba Lewis Mountain gan-an nìyí. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Big Meadows, ẹ máa kọjá lẹ́bàá ibojì kan tí wọ́n ń pè ní Tanners Ridge, dúró níbẹ̀ kó o sọ fún wọn pé àwọn èèyàn ń gbé orí òkè yìí, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ, ìjọba sì kó nǹkan bíi ìdílé 500 kúrò torí pákì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa lọ. Lewis Mountain ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní 1939, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé ti àwọn Nígírò ni, ó sì di 1950 kí wọ́n tó pa ìyàsọ́tọ̀ yẹn rẹ́ pátápátá nínú pákì. Orí tábìlì onígi tó wà níbẹ̀ la jókòó sí tí mo ń sọ ọ́ fún wọn. Dámilọ́lá dákẹ́, ó wá bi mí pé, Mọ́mì, Big Meadows tá a ti sùn ńkọ́, ṣé wọn ì bá lé wa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá lé wa. Ó ní àwa nìkan àbí bàbá ilé kejì wa tó jẹ́ dúdú Amẹ́ríkà náà? Mo ní àwọn náà, àwọn bàbá wọn gan-an ló ń kó ọmọ bọ̀ láti Washington wá jẹun níbi tá a jókòó sí yìí.

Torí náà tẹ́nikẹ́ni bá tún sọ fún ẹ pé nǹkan òyìnbó ni, sọ fún un pé àwọn dúdú kan ti gòkè yìí ṣáájú wa, pẹ̀lú gbogbo pátákó tí wọ́n gbé síwájú wọn. Àwọn ọmọ wa l'Amẹ́ríkà níbí gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ wọn rìn ín, kó má jẹ́ inú ìwé nìkan ni wọ́n ti máa kà á.

Ti bàbá Tọ́míwá ò le. Skyline Drive, ọ̀nà mọ́tò inú pákì, ń bá ọ̀nà wa rìn lọ ni, léraléra lẹ máa gbà á kọjá, kó gbé mọ́tò kó máa pàdé yín, tọ́mọ bá ní òun ò lọ mọ́ kó kàn wọlé. Bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ pé èmi ni mo ní kó ṣe é.

Má ra tẹ́ǹtì o, tèmi wà nílẹ̀. Kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé ká wọn báàgì sí wọn lẹ́yìn, kó o sì fi sáìsì bàtà wọn ránṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ẹ