Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó fẹ́ lọ ya fọ́tò àbùùbùtán

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo rí ìpolówó ọkọ̀ méjèèjì tó ń gbé èrò lọ wo àbùùbùtán, tí ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ọ̀kan ń gbéra ní Reykjavík, olú ìlú Áísìláńdì, ìkejì ń gbéra ní Húsavík, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Áísìláńdì. Ẹ ní kí n mú ọ̀kan fún yín kíákíá kí àyè oṣù Keje tó tán. Mo wò wọ́n títí, mi ò rí èyí tí mo lè mú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé màá fi gbólóhùn kan dáhùn fi di lẹ́tà. Ẹ má bínú pé àbúrò ló ń júwe ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí mi ò tíì sọ fún yín rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ wo àbùùbùtán, ọkọ̀ tó tóbi jù lọ létíkun ni mo yàn. Alájà méjì ni, ó ní àga tìmùtìmù, ó ní ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Mo ní bí ọkọ̀ bá ga, màá rí ọ̀nà jíjìn. Mo kúkú rí ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ gbogbo fọ́tò tí mo yà láti òkè yẹn dà bíi pé mo yọjú lójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ń ya ẹja inú bàsíà. Ẹranko tó gùn tó mítà 14 di àmì dúdú kan láàrin omi. Bó bá yọ lápá òsì, gbogbo èrò á rọ́ lọ sápá òsì. Ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan á wọ̀ mí níhà, fìlà ẹlòmíràn á bo lẹ́ǹsì mi. Ọ̀gá ọkọ̀ ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Bí ẹranko bá ti yọ báyìí, á fún ẹ́ńjìnnì ní iná, á gbá tẹ̀ lé e. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ yẹn lé ní 600. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn. Ohun tó ń sá fúnni kò ní kọjú síni, àbí?

Nítorí náà, Àǹtí mi, ẹ yan ọ̀gá ọkọ̀ kí ẹ tó yan ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Báwo lẹ ó ṣe mọ ìwà ẹni tí ẹ kò rí rí? Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ bi wọ́n pé: bí àbùùbùtán bá yọ, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹni tó mọ iṣẹ́ á sọ fún yín pé òun á dín eré kù láti òkèèrè, òun á máa bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun kò ní dábùú rẹ̀ níwájú, òun kò sì ní lé e láti ẹ̀yìn. Bó bá dúró, òun náà á dúró. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kí ẹ má ṣèyọnu, àwọn á gbé yín débi tí ọwọ́ yín á fi kàn án. Ẹ sá fún irú wọn.

Òfin wà káàkiri lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò kàn dọ́gba ni. Ní Hawaii, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán abuké, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní humpback, ju yáàdì 100 lọ. Ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, yáàdì 500 ni wọ́n fi sí ti irú àbùùbùtán mìíràn tí wọ́n ń pè ní right whale, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ní New Zealand, ọkọ̀ tó bá wà láàrin mítà 300 sí àbùùbùtán kan lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ní Áísìláńdì tí ẹ ń lọ, àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn ló jọ kọ ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ta kókó sọ́rọ̀ yẹn, ẹ ti rí èsì.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní: bí ọkọ̀ kò bá sún mọ́ ọn, báwo ni fọ́tò mi á ṣe dára? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wo ọ̀sà San Ignacio ní Mẹ́síkò, níbi tí àwọn àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní gray whale ti ń lọ bímọ láti oṣù Kìíní títí wọ oṣù Kẹrin. Láyé àtijọ́, àwọn ọdẹ àbùùbùtán pa wọ́n lápakúpa nínú àwọn ọ̀sà yẹn, àwọn àbùùbùtán náà sì ń jà padà débi pé àwọn apẹja máa ń yà fún wọn. Lọ́dún 1972, apẹja kan tó ń jẹ́ Francisco Mayoral wà nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan wá bá a fúnra rẹ̀, tó dúró tì í. Ó na ọwọ́, ó fi kàn án. Títí di òní, ìyá àbùùbùtán máa ń mú ọmọ rẹ̀ wá sẹ́bàá ọkọ̀ níbẹ̀, bí atukọ̀ bá ṣe jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá gbé lẹ́ǹsì gígùn nìkan lọ síbẹ̀ á kàbámọ̀, torí ojú ẹranko náà á ti sún mọ́ ọn jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn ìpolówó yín.

Ti Reykjavík, irú ọkọ̀ tó já mi kulẹ̀ yẹn ni. Àwòrán tí wọ́n fi polówó dára: àbùùbùtán fò jáde látòkèdélẹ̀, omi ń dà lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró kí wọ́n tó rí ìyẹn yà. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò tí àwọn èrò yà nínú oṣù Keje hàn yín, láti orí ọkọ̀ yẹn gan-an. Ní tòótọ́, inú omi tútù níhà àríwá lẹ́ẹ̀rùn, oúnjẹ ni àbùùbùtán abuké ń wá kiri. Á mí, á mí, á tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, á gbé ìrù sókè, á sì wọlẹ̀ lọ. Ó máa ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrù ni kí ẹ fọkàn sí. Àti pé ìrù yẹn kì í ṣe kékeré: funfun àti dúdú abẹ́ rẹ̀ kò bá ti èkejì mu, bí ìtẹ̀ka ọmọ ènìyàn. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Happywhale. Bí ẹ bá fi fọ́tò abẹ́ ìrù ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n lè sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹranko yẹn rí.

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó rí àbùùbùtán dandan. Ẹ ka ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń pè ní dandan ni pé bí ẹ kò bá rí i, ẹ lè padà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí bàálù rẹ̀ ń gbéra lọ́jọ́ kejì, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ti Húsavík ni ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èrò méjìlá péré. Bó bá jẹ́ pé ojú nìkan la fi ń yàn, òun ni ǹ bá mú. Ojú yín á sún mọ́ omi, ìyẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ojú ayafọ́tò bá wà lókè, omi nìkan ló máa wà lẹ́yìn ẹranko nínú fọ́tò. Bó bá wálẹ̀, òfurufú á wọlé, àwọn òkè oníyìnyín tó wà lódì kejì omi Skjálfandi á wọlé, ìrù á sì dúró gàgàrà níwájú wọn. Ẹranko kan náà ni, ibì kan náà ni, fọ́tò méjì tí kò jọra. Àmọ́ irú ọkọ̀ yẹn, bí ẹni gun ẹṣin lẹ ó ṣe jókòó, á máa fò lórí ìgbì, gbì, gbì, gbì, sí egungun ẹ̀yìn yín. Ẹ̀yìn wo? Èyí tí kò jẹ́ kí ẹ sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn náà ni. Àwọn tó ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé kí aboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn má wọ̀ ọ́. Ẹ kò ka ibẹ̀ ni, àbí ẹ kà á ẹ fojú fò ó?

Mi ò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì, Àǹtí mi. Ní Húsavík kan náà, wọ́n ń lo ọkọ̀ apẹja onígi àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe fún ìbẹ̀wò. Kò yára, kò sì ga fíofío, ẹ lè dìde, kí ẹ rìn látòsì bọ́ sọ́tùn-ún, ibi ìforípamọ́ sì wà fún kámẹ́rà bí omi bá ń ta. Irú rẹ̀ ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ bèèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà, kì í ṣe iye èrò tí ọkọ̀ lè gbà. Ẹ bèèrè bí wákàtí tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta ṣe pín: mélòó ni ti ìrìnnà, mélòó ni ti ìdúró. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá wà, òun ni kí ẹ gbà. Lóṣù Keje níhà ibẹ̀ oòrùn kì í tètè wọ̀, á rọra fẹ̀gbẹ́ rìn lórí omi fún wákàtí gígùn. Bí àbùùbùtán bá wá mí láàrin yín àti oòrùn, èémí rẹ̀ á tàn bí wúrà. Ti ọ̀sán gangan kò lè fún yín nírú ẹ̀.

Ti ẹrù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ń gbé kámẹ́rà lé yẹn sílé, ọkọ̀ ń mì, òun náà á máa mì. Lẹ́ǹsì mílímítà 100-400 yín ti tó. Ẹ yí ìyára kámẹ́rà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, kó má lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì lójú omi oníyọ̀. Ẹ bi dókítà yín nípa oògùn èébì ojú omi nítorí oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, kí ẹ sì lò ó ṣáájú kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ẹni tó ti ń bì kò rí oògùn lò mọ́. Bí omi bá dákẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ fọ́tò tí ẹ ti yà. Ẹyẹ ni kí ẹ máa wò. Ibi tí wọ́n bá ti ń yí po tí wọ́n ń bọ́ sómi, ẹja wà níbẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹja náà kò sì ní jìnnà.

Owó tí ẹ fẹ́ san fún ìjókòó pàtàkì lórí ọkọ̀ ńlá yẹn, ẹ fi lọ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọkọ̀ onígi, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ lè ba ọjọ́ kan jẹ́.

Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, kí ẹ sì fi èsì wọn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn máa ń dá ẹ́ńjìnnì dúró, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá àyè ṣẹ́ kù fún ẹnì kejì.

Àbúrò yín