Àdìrẹ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń tajà lórí ayélujára, tí ẹ sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n na ọwọ́ ọjà wọn dé òkè òkun. Ìmọ̀ràn rere ni. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, oníṣòwò wo ni kò fẹ́ gba pọ́n-ùn? Àdìrẹ lèmi ń tà ní Ìtokú níbí, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí mi. Àmọ́ ohun kan wà tó ń dùn mí, tí ìròyìn yín kò dé ibẹ̀: irọ́ tí a ń kọ sára ẹrù.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ wa kan ní Manchester rí ẹ̀wù àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórí Instagram, ó san £45. Ẹni tó tà á ká a sínú ọ̀rá, ó fi téèpù dì í dáadáa. Nígbà tó wá kan fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù fún àwọn aṣọ́bodè, ó kọ "ẹ̀bùn", ó sì kọ £10 síbi iye rẹ̀. Lójú tirẹ̀, oore ló ń ṣe fún oníbàárà. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀bùn tí kò ju £39 lọ ni wọn kì í gba owó orí lé lórí, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ta ẹnì kejì lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí a bá ti gbowó rẹ̀, ọjà ni. Bí wọ́n bá já ọ̀rá náà ní bodè, oníbàárà ni wọ́n máa kọ̀wé sí pé kó wá san owó orí, kó sì san owó iṣẹ́ akẹ́rù lé e, kó tó rí aṣọ rẹ̀ gbà.

Ẹrù arábìnrin kan láàárín wa padà wá láti Leeds báyìí. Oníbàárà ní òun ò ní san kọ́bọ̀ mọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Owó tí arábìnrin náà fi fi ẹrù ránṣẹ́ wọgbó. Oníbàárà tún lọ kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará Nàìjíríà ti lu òun ní jìbìtì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Iṣẹ́ ọwọ́ arábìnrin yìí mọ́ tónítóní. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sáṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró.

Láti 1 Oṣù Kìíní 2021 ni Ìlú Ọba ti ṣòfin pé ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju £135, ọwọ́ ẹni tó tà á ni àwọn yóò ti gba owó orí VAT, ìdá 20 nínú 100, nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó gan-an. Ẹ̀wù £45 di £54 nìyẹn. Ẹni tó bá tà á lórí Amazon tàbí eBay, àwọn ni wọ́n máa gbà á tí wọ́n á sì san án. Ẹni tó bá ń dá tà á lórí ìkànnì tirẹ̀, òun ló máa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìlú Ọba. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tíì tó £90,000 lọ́dún, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Àwọn tó fi Ìlú Ọba ṣe ibùjókòó ni òfin yẹn ń bá wí. Ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta kò sí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham ló kó ọjà sí.

Ti Amẹ́ríkà náà ti yí padà. Ẹrù tí kò ju $800 ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2025, ìyẹn ti dópin fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Ìlú Ọba nìkan, ká mọ òfin rẹ̀ délẹ̀.

Dídá ọjà padà ńkọ́? Nílé wa, a máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé a kì í gba ọjà padà. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó rajà lórí ayélujára ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ní òun ò ṣe mọ́, láìsọ ìdí. Aṣọ tí a bá fi ìwọ̀n ara ẹni rán kò sí lára èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí oníbàárà òkèèrè wọn àyà, ìbàdí àti gígùn rẹ̀ ní íǹṣì kó fi ránṣẹ́. Sáìsì 12 ti London, 8 ni wọ́n ń pè é ní New York.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ké sí àjọ NEPC tó ń mójú tó títa ọjà sókè òkun, kí wọ́n rán ẹni tó gbọ́ Yorùbá wá sí Ìtokú, kó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù yẹn láìpurọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fún wa ní ojú ewé kan. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà síbẹ̀ gbàǹgbà, kí ẹ ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. A máa gé e, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ wa.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò àdìrẹ kan,
Ìtokú, Abẹ́òkúta.