Ẹ Bá Wa Gba Ìwé Ìjọ Lọ́wọ́ Òjò: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú

Òkun o (bí àwa Yorùbá ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kíra nìyẹn), ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nílé, àti ẹ̀yin tó wà ní Lọ́kọ́jà, Àbújá, Ìlọrin, Kàdúná, Èkó àti òkè òkun. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ilé.

Òrùlé yàrá fẹ́sìtìrì, ìyẹn yàrá tí àlùfáà ti ń múra, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ń jò. Inú yàrá yẹn ni àpótí ìwé ìjọ wà: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹ̀yin tó ń lọ ìjọ ECWA, ẹ̀yin Kátólíìkì, ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Áńgílíkà nìyẹn. Orúkọ àwọn ìyá ìyá yín wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi gbà á sọ́rùn.

Ojú ìwé kan nínú ìwé ìrìbọmi rí báyìí. Ìlà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Yíǹkì tó dúdú nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Omi wọlé láti apá ọ̀tún, ó sì fi àmì sílẹ̀ bí etí odò tó ti fà. Ọjọ́ hàn, orúkọ ọmọ hàn, orúkọ bàbá ṣì ṣeé kà. Orúkọ ìyá, tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, ti parẹ́ ní ìlà márùn-ún nínú mẹ́jọ. Bí òjò tó ń bọ̀ bá tún bá ìwé yìí níbẹ̀, ti bàbá ló kàn.

Ìtàn tí àwọn ìwé yìí dì mú kì í ṣe kékeré. Ní 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, dá ibùdó sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ní 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ogun Nupe ṣì ń kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ Òkun lọ nígbà náà. Ó di 1897, tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Nupe, kí ọ̀nà tó ṣí dáadáa. Àwọn kan tí ogun ti kó lọ wà lára àwọn tó mú ẹ̀sìn tuntun bọ̀ wálé, Bíbélì Yorùbá sì ti pé láti 1884.

A fẹ́ kọ ìtàn ìjọ wa sílẹ̀, àríyànjiyàn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ń dá a dúró. Kò yẹ kó dá a dúró. Ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ péjọ gbàdúrà nínú àgbàlá ẹnìkan jẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n rán kátíkísì, ìyẹn olùkọ́ ìjọ, wá jẹ́ òmíràn. Ìrìbọmi àkọ́kọ́ tún yàtọ̀, ilé àdúrà alámọ̀ tún yàtọ̀. Ọdún tó wà lára òkúta ìpìlẹ̀ kò sọ ju ti ilé tó dúró báyìí lọ. Gbogbo wọn lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí a ti rí i. Bí ìwé ètò ìsìnkú bá sọ ọjọ́ orí kan, tí ìwé ìrìbọmi sọ òmíràn, a ó kọ méjèèjì. Èyí tí wọ́n kọ nígbà tí ẹni náà wà ní kékeré la ó fi ṣíwájú.

Ìṣòro tó tóbi jù ni orúkọ. Orúkọ ìrìbọmi nìkan ni akọ̀wé máa ń kọ nígbà mìíràn: Dáníẹ́lì, kò sí orúkọ ilé, kò sí agboolé. Dáníẹ́lì mẹ́ta lè wà nínú ọdún kan. Oríkì, orúkọ ilé àti orúkọ agboolé nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ sì ní ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà báyìí, kí ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ìwé wa mìíràn kò sí nílé. Abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni ilẹ̀ wa wà nígbà òyìnbó, nínú Kabba Province, nítorí náà Kàdúná ni ká ti wá ìwé ìjọba. Ti CMS wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, èyí tó pọ̀ sì wà ní Yunifásítì Birmingham ní ìlú Ọba. Láti ìgbà tí wọ́n dá dáyósíìsì Kwara sílẹ̀ ní 1974, Lọ́kọ́jà ní 1994 àti Kàbà ní 1996, ọ́fíìsì wọn ni lẹ́tà ìjọ á ti máa lọ. Ẹ̀ka Kàdúná àti ẹ̀yin ọmọ wa ní ìlú Ọba, iṣẹ́ yín nìyí: ẹ lọ wò, kí ẹ san owó ẹ̀dà.

Òrùlé ló kọ́kọ́ yá o. Ẹni tó kàn án kan ìṣó sí kòtò páànù dípò orí gegele rẹ̀, kòtò sì ni omi ń gbà kọjá. Rọ́bà abẹ́ ìṣó ti gbẹ, ó ti ya. Níbi tí òrùlé ti fara ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí i. Páànù ń fẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń sún kì lóru, sìmẹ́ńtì ò lè bá a lọ, ó sán. Páànù pẹlẹbẹ tí a tẹ̀, tí a fi etí rẹ̀ sínú ihò ínǹṣì kan lára ògiri, ló ń tọ́jú irú ibẹ̀. Igi ìrókò abẹ́ òrùlé ṣì le, ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ ní 12. Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 ní ìlà méjì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ni yóò bò ó, kí ìlà òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní ínǹṣì 6. Ìdì kan, ìyẹn ogún páànù, ti tó, méjì á ṣẹ́ kù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ fún ògiri. A mọ̀ pé Ọbájáná tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ò jìnnà. Alámọ̀ ni ògiri náà: omi ń gun un láti ilẹ̀, ó yẹ kó máa gbẹ jáde. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ sé omi mọ́nú, ìdí nìyẹn tó fi ń já lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kòtò omi yíká ilé la ó gbẹ́. Ògiri á gbẹ ní odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan kí a tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ.

Ní ti ìwé: a kò fẹ́ lámínéètì, a kò fẹ́ sẹ́lótéèpù, ó ń pọ́n, ó sì ń bá yíǹkì bọ́. Ìwé tó bá tutù kì í lọ sí oòrùn, kì í wọ ọ̀rá, torí á bu láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìwé funfun tí kò ní títẹ̀ la ń kì bọ àárín rẹ̀, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ nínú yàrá. A ó ya gbogbo ojú ìwé ní ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, láìlo fláàṣì, fóònù á dúró lókè gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti èèpo. Ẹ̀dà kan á wà nílé, òmíràn ní Lọ́kọ́jà.

A kò bu owó lé ẹnikẹ́ni, nítorí iye ọjà ń yí láti ọjà dé ọjà. Nǹkan la bù: ìdì páànù kan, páànù pẹlẹbẹ mẹ́ta, ìṣó páànù kílò 5 pẹ̀lú rọ́bà, igi 2 × 3 mẹ́wàá, àpótí irin méjì tí ikán ò lè wọ̀, búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ tí a ó gbé wọn lé, kí wọ́n má kan ògiri, àti ìwé funfun rímù mẹ́rin. Ẹni kan lè gba odidi, ẹni márùn-ún lè pín ọ̀kan. Akápò ẹ̀ka yín yóò kọ orúkọ àti nǹkan tí ẹ gbà sílẹ̀, wọ́dìn ìjọ yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí nígbà tó bá dé. Kí gbogbo rẹ̀ dé kí oṣù kejì tó parí, torí òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì wá.

Ẹ̀yin tó ní àwòrán àtijọ́, tàbí ìwé ètò ìsìnkú, a ó ya ẹ̀dà, a ó dá ti yín padà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, láti apá òsì sí ọ̀tún. Ẹ má fi bírò kọ ọ́, á yọ sí iwájú.