Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Nítorí Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀, mo sì kí yín kú òjò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú yìí: "Nítorí àwọn ọmọ mi ni." Bíríkìlà tó bu sìmẹ́ńtì kù nínú yanrìn, nítorí ọmọ ni. Agbaṣẹ́ṣe tó gba owó àsansílẹ̀ ní Àdàtán, tó lọ fi parí iṣẹ́ tó ti ná owó rẹ̀ tán ní Láfẹ́nwá, òun náà á ní owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló ká òun mọ́. Mo mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé àtúnṣe ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, síbẹ̀ ìwà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó gbà kí n sọ nípa iṣẹ́ òun, ó kàn ní kí n má ṣe dárúkọ òun.

Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́. Nígbà tó gba fírídọ́ọ̀mù tán, ó lọ bá wọn kọ́ ilé tuntun l'Ékòó. Owó wà níbẹ̀, àmọ́ ìparí oṣù ló ń wálé, títí àkọ́bí rẹ̀ fi ń sá fún un nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó gbájú mọ́ àtúnṣe, kí ó lè máa sùn sílé lálaalẹ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe kò sì wọ́n níbí. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí, tó wo ìsàlẹ̀, ti rí àwọn ilé tí mò ń wí: páànù tó ti dípẹtà láti Aké dé Ìtòkò, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Àwọn ọmọ onílé wà l'Ékòó, ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà. Ìyá wọn ló kù nílé. Ìyá ti lé ní ọdún 80, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, orí àpáta ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Wọ́n á ní kí arákùnrin wa ṣe balùwẹ̀ sínú ilé, kí ó sì fẹ ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè gbà á kọjá. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè máa ń rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ní ilé amọ̀, ògiri fúnra rẹ̀ ló ru òrùlé. Ẹni tó bá da ògiri náà lu láìkọ́kọ́ fi igi ti òkè, tí kò sì gbé líńtẹ̀lì, ìyẹn ìtì tó ń ru ògiri òkè, sórí ẹnu ọ̀nà tuntun, ẹ̀mí ìyá yẹn ló ń fi ṣeré. Sìmẹ́ńtì pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ di amọ̀ mú. Bí omi bá ti wọ àárín wọn, kò rọrùn fún un láti jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ nínú, ìta á ṣì máa dán. Ìdí nìyí tí arákùnrin wa kì í fi kun ọ̀dà sára ògiri tó tutù, kódà bí onílé bá ní ìsìnkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òrùlé ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó kan ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, kí ó tó wá kan ògiri.

Nǹkan kan tó ṣe ló mú mi kọ̀wé yìí. Síìlìn asbẹ́stọ́ọ̀sì àtijọ́ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún 20, ọdún 30, nígbà tí ẹni tó fà á símú ti gbàgbé. Onílé kan ní kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ dànù kíákíá. Arákùnrin wa kọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ìbòmú bo imú, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọ̀rá dì í kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, èrè rẹ̀ ló sì bá a lọ. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bàbá, nítorí àwọn ọmọ mi ni. Ọmọ tí ẹnìkan bí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yìí náà. Tí tèmi bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣé ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kó fa májèlé símú?"

Ará, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Tímótíù 5:8 pé ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, n kò sì ní gbọ́n ju Pọ́ọ̀lù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Nehemáyà orí 3. Nígbà tí wọ́n ń tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣiṣẹ́ ní ọ̀kánkán ilé ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ojú ayé níwájú ilé tí ọmọ tirẹ̀ sùn sí. Síbẹ̀, odi gbogbo ìlú ni. Ihò tí mo bá fi sílẹ̀ níwájú ilé mi, ọ̀tá lè gba ibẹ̀ dé ilé tìrẹ.

Ẹsẹ 12 nínú orí yẹn dárúkọ Ṣálúmù, tí òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́. Arákùnrin wa náà ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi, ọmọ náà sì ti mọ táìlì í tẹ́ dáadáa. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ yẹn kò yẹ ọmọ tó ń lọ ilé ìwé. Inú mi kò dùn sí i rárá. Àjàyí Crowther kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Sàró. Òun náà ló wọ Abẹ́òkúta yìí ní 1846, tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọwọ́ tó fá pákó ló wá ń tú Bíbélì sí èdè wa.

Ó wá ku àwa tí a ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Nínú 2 Ọba orí 12, ọdún 23 ti Jóáṣì dé orí oyè, ilé Olúwa ṣì ń ya, bẹ́ẹ̀ àwọn àlùfáà ti ń gba owó àtúnṣe. Ìgbà tí owó dé ọwọ́ àwọn káfíńtà àti ọ̀mọ̀lé ni iṣẹ́ tó lọ, wọn kò sì bá wọn ṣírò, nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Àlùfáà ni mí. Ẹ̀rù Ọlọ́run máa ń bà mí tí mo bá ka ibẹ̀. Ìyàwó arákùnrin wa ló ń kọ ìwé owó rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ti kó wọlé, tí wọn kò tíì san báláǹsì, wà nínú ìwé náà, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń jókòó níwájú mi ní ọjọ́ Ìsinmi. Léfítíkù 19:13 kò fún wa láyè láti jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí òjò bá ti dá, a ó tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa ṣe. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé gbogbo owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó gbàdúrà fún bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ḿbà, pẹ́ńtà, àwọn tó ń ṣe iná àti àwọn tó ń tẹ́ táìlì. Ẹ mú irinṣẹ́ yín wá, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹni tó bá jẹ èyíkéyìí nínú wọn lówó, kí ó ti san án kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni Olùṣọ́-Àgùntàn yín.